Ilẹ̀ àti ilé tí kò tíì parí ní Ìkọ̀lé: níbo la ti ń yẹ ìwé rẹ̀ wò, báwo ni wọ́n sì ṣe ń ṣírò owó ọdọọdún rẹ̀?

Oníbéèrè_Ìkọ̀lé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ilẹ̀ kan wà ní Ìkọ̀lé tí mo fẹ́ rà, ní apá ibi tí àwọn ọmọ FUOYE (yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti Ọyẹ́-Èkìtì) ń gbé. Àwọn ọmọ bàbá kan tó ti kú ló ń tà á. Ilé tí bàbá náà bẹ̀rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀, ògiri ti dé líńtẹ̀ẹ̀lì, kò ní òrùlé. Ìwé mẹ́ta ni wọ́n kó wá: ìwé sọ́fè (àwòrán ìwọ̀n ilẹ̀) ọdún 1989, rìsíìtì tí ẹbí tó ni ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ kọ fún bàbá wọn, àti ìwé tí ìjọba fi ń béèrè owó ọdọọdún lórí ilé, tó ní orúkọ bàbá lórí, tí wọ́n kọ "commercial" (ilé ọjà) sí. Pulọ́ọ̀tì mẹ́ta ni wọ́n ń pè é, 1,337.8 mítà onígun mẹ́rin ló wà nínú ìwé sọ́fè.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Texas ní lọ́dọ̀ àwọn, ẹni bá ti tẹ àdírẹ́sì ilẹ̀ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì káńtì (ìjọba agbègbè wọn), orúkọ ẹni tó ni ín, iye tí wọ́n dá lé e àti owó orí rẹ̀ yóò jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kí n lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Níbo ni mo ti lè rí irú rẹ̀ níbí? Kí ni mo gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kí n tó kówó sílẹ̀? Ṣé ó yẹ kí ilé tí kò ní òrùlé máa san iye tí ilé ọjà ń san?

Lọ́yà_Ajílòsùn

Ẹ má jẹ́ kí ti Texas dá yín lójú jù. Ojú ìwé tí ẹ̀gbọ́n yín ń wò lóhùn-ún, ti ọ́fíìsì tó ń díye lé dúkìá ni. Iye tí ilẹ̀ tó ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹẹrẹ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí wọn yóò fi ìwé owó orí ránṣẹ́ sí. Ìwé tó fi hàn pé ilẹ̀ ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn wà lọ́dọ̀ akọ̀wé káńtì, ọ́fíìsì mìíràn pátápátá. Ẹni tó bá fi ìwé owó orí nìkan ra ilẹ̀ lè kábàámọ̀ ní Texas bí ẹni tó ṣe é ní Ìkọ̀lé. Tiwa kàn fọ́n ká sí ọ̀pọ̀ ibi ni, ẹsẹ̀ lẹ ó sì fi rìn ín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti rẹ́jísírì ilẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, ní Adó-Èkìtì. Ẹ ó kọ lẹ́tà ìwádìí (lọ́yà ló sábà máa ń kọ ọ́), ẹ ó so ẹ̀dà ìwé sọ́fè mọ́ ọn, ẹ ó san owó ìwádìí sí àpò ìjọba, ẹ ó sì gba rìsíìtì. Àbọ̀ tí ẹ ó gbà gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé tí ọ̀gá fọwọ́ sí. Èyí tí akọ̀wé kan bá sọ fún yín lẹ́nu ọ̀nà kò ní ran yín lọ́wọ́ bí ẹjọ́ bá dé. Ohun tí wọ́n ń wá nínú fáìlì ni bóyá C of O (ìwé tí gómìnà fi ń jẹ́rìí sí ẹ̀tọ́ ẹni lórí ilẹ̀) wà lórí ilẹ̀ náà, bóyá ìwé títà kan ti wọlé, bóyá wọ́n ti fi yá owó ní báńkì, tàbí bóyá ẹnìkan ti fi ìkìlọ̀ sílẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má rà á. Ìwé tó bá ti wọlé máa ń ní nọ́ńbà, ojú ewé àti fọ́lúùmù. Ẹni tó bá ní òun ti forúkọ ilẹ̀ òun sílẹ̀, kó mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá.

Ọdún ìwé yín ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà 1996 ni Èkìtì di ìpínlẹ̀. Láti 1976 títí di ọjọ́ yẹn, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó la wà, Àkúrẹ́ ni fáìlì ń lọ. Ṣáájú 1976, Ìbàdàn ni. Nítorí náà, bí Adó bá wo ìwé 1989 tí wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan, ẹ béèrè bóyá àkọsílẹ̀ agbègbè yẹn ti ti Àkúrẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí kò bá dá wọn lójú, ẹ gbé ìwádìí náà dé Àkúrẹ́. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí rìsíìtì pẹ̀lú. Bí ó bá ju 1976 lọ sẹ́yìn, Ìbàdàn náà kàn yín.

Orúkọ tún ń ṣe ènìyàn. Akọ̀wé ayé ọjọ́un kì í fi àmì sí nǹkan kan, bó ṣe gbọ́ ọ ló ń kọ ọ́: Fasuyi lè wà ní Fashuyi, Oso lè wà ní Osho, ẹni tó joyè lè wà lábẹ́ "Chief". Gbogbo bí orúkọ bàbá náà ṣe lè wà ni kí ẹ tò sínú lẹ́tà. Orúkọ káńsù pàápàá ń yí. Ìjọba ìbílẹ̀ Gbọ̀nyìn tí a ń pè báyìí, Ayékire ló wà nínú àwọn ìwé kan.

Ẹ má sì yọ̀ jù bí wọ́n bá ní kò sí ohunkóhun lórí ilẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ẹbí ní Èkìtì kò wọ rẹ́jísírì rí láyé. Ohun tí àbọ̀ yẹn ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni kò tíì mú ìwé wá, kò sọ pé ẹnikẹ́ni kò ní dìde.

Lẹ́yìn rẹ́jísírì, ó kan ilé ẹjọ́. Ẹ wádìí ní ilé ẹjọ́ gíga tó bo Ìkọ̀lé àti ní kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ bóyá ẹjọ́ kankan wà lórí ilẹ̀ náà tàbí láàrin ẹbí náà. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ tí ẹjọ́ rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́, ẹjọ́ ló rà. Ẹ dé ẹ̀ka tó ń bójú tó ogún òkú pẹ̀lú, kí ẹ mọ̀ bóyá bàbá fi ìwé ìhágún sílẹ̀ tàbí bóyá wọ́n ti gba ìwé àṣẹ láti pín ogún rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gba á, àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àṣẹ yẹn ló lè tà fún yín.

Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ilẹ̀ náà ti di ti ẹbí lábẹ́ àṣà, ibẹ̀ ló sì ti ń bàjẹ́ jù. Òfin tí ilé ẹjọ́ ń tẹ̀ lé kò ṣókùnkùn: bí àwọn ọmọ bá tà láìsí olórí ẹbí, títà náà ti kú kí wọ́n tó bí i. Bí olórí ẹbí bá tà á bí ohun ìní ara rẹ̀, bákan náà ni. Bí ó bá tà á ní orúkọ ẹbí ṣùgbọ́n tí kò bi àwọn àgbà ìdí-igi (ẹ̀ka ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan) léèrè, títà dúró, àmọ́ ẹni tí wọn kò bi léèrè lè gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n fagi lé e, bí kò bá jáfara. Iye ìyàwó tí bàbá ní ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ìdí-igi kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹni tó fọwọ́ síwèé, ọmọbìnrin sì wà lára wọn. "Ó ti lọ sílé ọkọ" kò gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìkẹyìn ni Land Use Act, òfin ìlò ilẹ̀ orílẹ̀-èdè, ti 29 oṣù Ẹrẹ́nà 1978. Bí gómìnà bá ti kéde agbègbè náà ní ilẹ̀ ìgboro, títà ń fẹ́ ìyọ̀ǹda gómìnà, abala 22. Bí kò bá ti kéde rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ìfọwọ́sí, abala 21. Ẹ béèrè èyí nínú lẹ́tà ìwádìí kan náà. Ó ṣe pàtàkì, nítorí abala 36 kò fẹ́ kí ẹni tó wà lórí ilẹ̀ ìgbèríko tí kò tíì di ìgboro gé e sí pulọ́ọ̀tì tà, ó sì ní ìwé irú títà bẹ́ẹ̀ kò lágbára. Àwọn ènìyàn ń tà á lójoojúmọ́, mo mọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba C of O lẹ ó rí wàhálà rẹ̀.

Awọnlẹ̀_Ìkẹ́rẹ́

Mo gbà fún lọ́yà ní gbogbo rẹ̀ àfi ibì kan: rẹ́jísírì kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Bí ìwé sọ́fè yẹn kò bá bọ́ sórí ilẹ̀ tí wọ́n mú yín lọ wò, ilẹ̀ ẹlòmíràn ni ẹ ó sanwó ìwádìí lé lórí. Ẹ kọ́kọ́ ṣe chàátì, ìyẹn gbígbé ìwé sọ́fè sórí máàpù ìjọba.

Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀, ẹ jókòó ti ìwé náà. Ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tí wọ́n wọn ilẹ̀ fún, ibi tí ilẹ̀ wà, ìwọ̀n, ìdojúkọ (ìhà tí ìlà kọjú sí, ní dígírì) àti gígùn ìlà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà píllà ní igun kọ̀ọ̀kan, orísun ìwọ̀n (ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà), ọjọ́, orúkọ awọnlẹ̀ àti ìfọwọ́sí rẹ̀. Ti 1989, Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló yẹ kó wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá rí "Ekiti State" lórí ìwé tí wọ́n ní ọdún 1989 ni, ẹ dá a padà fún ẹni tó mú un wá. Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè gbà fi ojú yẹ̀ ẹ́ wò: bí ilẹ̀ bá jẹ́ onígun mẹ́rin gígùn tó gún régé, ìdojúkọ ìlà tó kọjú síra wọn gbọ́dọ̀ fi 180° yàtọ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 42°, èyí tó wà níwájú rẹ̀ yóò jẹ́ 222°. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú ìwé sábà máa ń gbàgbé èyí.

Ọ̀rọ̀ pulọ́ọ̀tì mẹ́ta: ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 jẹ́ 668.9 mítà onígun mẹ́rin. Ìlọ́po méjì rẹ̀ ni 1,337.8. Pulọ́ọ̀tì méjì tó tóbi ni bàbá náà wọ̀n. Ẹni tó ń tà fún yín ń fi 50 sí 100 kà á, èyí tó jẹ́ 464.5 lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n mẹ́ta irú rẹ̀ yóò jẹ́ 1,393.5. Ó fi nǹkan bí 56 dín. Iye mítà ni kí ẹ fi ná an, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé pulọ́ọ̀tì wọn sílẹ̀.

Ó kan àwọn nọ́ńbà E (sí ìlà-oòrùn) àti N (sí àríwá) tó ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà lórí máàpù. Tí wọ́n bá fi UTM, ètò máàpù àgbáyé, ìpín 31 ṣe é, ilẹ̀ tó wà ní Ìkọ̀lé yẹ kó ní E tó sún mọ́ 777,000 àti N tó sún mọ́ 863,000. Ìwé àtijọ́ lè jẹ́ ti West Belt, ètò máàpù Nàìjíríà fún apá ìwọ̀-oòrùn. Ìyẹn yóò fún yín ní E nítòsí 342,000 àti N nítòsí 420,000. Méjèèjì lè tọ́, ẹ má pe ẹnikẹ́ni lólè nítorí ìyẹn. Èyí tó burú ni ìwé tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré bíi 1,000 àti 1,000. Orísun àdáṣe ni wọ́n lò, kò sí ẹni tó lè gbé e sórí máàpù àyàfi bí píllà bá ṣì wà nílẹ̀ tí awọnlẹ̀ tún un wọ̀n.

Mo tún fẹ́ kìlọ̀ nípa fóònù. Àwọn ènìyàn ń dúró sórí ilẹ̀, wọ́n ń ka nọ́ńbà GPS, wọ́n wá ń pariwo pé ìwé sọ́fè bọ́ sórí ilẹ̀ aládùúgbò. WGS84, ìpìlẹ̀ ìwọ̀n àgbáyé, ni fóònù ń lò. Ìwé sọ́fè wa, Minna, ìpìlẹ̀ ìwọ̀n ti Nàìjíríà, ló dá lé. Ní agbègbè wa, ìyàtọ̀ láàrin méjèèjì lè tó 100 mítà tàbí kó jù bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì ju pulọ́ọ̀tì mélòó kan lọ. Awọnlẹ̀ gbọ́dọ̀ yí i padà kí ẹ tó fi wé ara wọn.

Chàátì fúnra rẹ̀: awọnlẹ̀ tí SURCON (ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ awọnlẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà) mọ̀ ni yóò gbé àwọn nọ́ńbà náà lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General (ọ̀gá awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀) ní Adó. Wọn yóò gbé e sórí máàpù láti wò bóyá ó wọ inú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà, bóyá ó gun ìwé sọ́fè ẹlòmíràn, àti bóyá ojú ọ̀nà ti jẹ nínú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wá kọ́pì àkọsílẹ̀ tí awọnlẹ̀ ìgbà náà fi sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní rẹ́ẹ̀dì kọ́pì, kí ẹ sì fi wé tọwọ́ yín lọ́kọ̀ọ̀kan nọ́ńbà. Ilẹ̀ yín sún mọ́ yunifásítì, nítorí náà ìbéèrè nípa ilẹ̀ tí ìjọba gbà kì í ṣe fún àṣà lásán. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lábẹ́ abala 28, ilé àti irè oko ni wọ́n ń san owó rẹ̀, wọn kì í san iye tí ẹ fi ra ilẹ̀. Bí títì ìjọba àpapọ̀ bá wà nítòsí, 45.72 mítà láti àárín títì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti títì.

Lórí ilẹ̀, ẹ wá píllà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú nọ́ńbà wọn. Ẹ pe àwọn tí ẹ jọ fẹ́ pààlà, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan dúró síbi tí tirẹ̀ parí, ẹ tó fi téèpù wọn ìlà. Níbi tí píllà ti sọnù, pèrègún tí àwọn àgbà gbìn sí ààlà lè ṣì wà. Ẹ wọn àyè láàrin ògiri ilé náà àti ààlà. Ilé tó ti wọ inú ilẹ̀ aládùúgbò, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà yanjú ẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Akọ̀wé_Owó_Ilé

Ẹ fún mi láyè lórí ọ̀rọ̀ owó, torí ó dà bí ẹni pé ẹ ti gbàgbé rẹ̀.

Owó mẹ́ta ló máa ń dàrú mọ́ ènìyàn lójú. Owó ilẹ̀ tí wọ́n kọ sínú C of O, ẹni tó gba C of O ló ń san án. Bí ilẹ̀ yìí kò bá ní i, ẹ gbàgbé rẹ̀. Owó tẹ́nẹ́mẹ́ntì, owó orí ilé, jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀; Àfikún Kẹrin nínú òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ló fún káńsù ní iṣẹ́ dídíye lé ilé aládàáni, bí òfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Land Use Charge, tí Èkó fi òfin 2001 bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n kó owó ilẹ̀, tẹ́nẹ́mẹ́ntì àti owó ìtọ́jú àdúgbò pọ̀ sínú ìwé kan. Ìpínlẹ̀ mìíràn kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, lórí ìwé tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ wo ọ́fíìsì tó fi ránṣẹ́ àti òfin tó dárúkọ kí ẹ tó wo iye. Bí káńsù bá mú tẹ́nẹ́mẹ́ntì wá tí ìpínlẹ̀ tún mú Land Use Charge wá lórí ilé kan náà, lọ́dún kan náà, ẹ kọ̀wé béèrè kí ẹ tó san èkejì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀: ti tẹ́nẹ́mẹ́ntì dá lórí owó tí ilé lè mú wá lọ́dún bí wọ́n bá fi háyà. Wọ́n á yọ owó àtúnṣe, wọ́n á sì mú ìdá kan nínú èyí tó kù. Kí a fi nọ́ńbà àpẹẹrẹ ṣe é (èmi ni mo fi sí i, kì í ṣe ti ìjọba): ilé tó lè mú 200,000 náírà wá, kí wọ́n yọ 20%, ó ku 160,000, kí wọ́n gba 5% nínú rẹ̀, 8,000 nìyẹn. Ilé tí kò ní òrùlé, ta ló fẹ́ háyà rẹ̀? Ibẹ̀ ni agbára yín wà bí ó bá jẹ́ tẹ́nẹ́mẹ́ntì.

Ti Land Use Charge bíi ti Èkó kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n ilẹ̀ ni wọ́n fi iye mítà kan ilẹ̀ sọ di púpọ̀; wọ́n á fi ìwọ̀n ilé, iye mítà kan ilé àti bí ilé ṣe rí sọ di púpọ̀ pẹ̀lú; wọ́n á ro méjèèjì pọ̀, kí wọ́n tó fi ìdá tó bá ìlò ilé mu gbà á. Ẹ jẹ́ ká tún fi nọ́ńbà àpẹẹrẹ wò ó. Ilẹ̀: 1,337.8 lọ́nà 2,000 jẹ́ 2,675,600. Ilé: 150 mítà lọ́nà 30,000, ká ní ìdajì nítorí kò parí, 2,250,000. Àpapọ̀ 4,925,600. Bí ilé gbígbé bá ń san 0.1%, owó rẹ̀ jẹ́ 4,925 náírà àti díẹ̀. Bí ilé ọjà bá ń san 0.4%, ó di 19,702. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "commercial", ló sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Bó bá jẹ́ irú ìṣirò yìí, kí ilé má ní òrùlé kò ní kí owó di òfo, torí ilẹ̀ ṣì ní iye tirẹ̀. Ohun tí ẹ lè jà fún ni ìlò àti bí ilé ṣe rí.

Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó wá ka ilé ní àdúgbò yẹn ti rí hósítẹ́ẹ̀lì àti ṣọ́ọ̀bù lọ́tùn-ún lósì, kó sì kọ ohun kan náà sí gbogbo ojúlé. Àṣìṣe mìíràn tó wọ́pọ̀: wọ́n á wọn gbogbo ilẹ̀ tí ògiri yí ká bí ẹni pé ilé ni gbogbo rẹ̀, tàbí kí wọ́n ka ilé ẹnìkan mọ́ ti aládùúgbò. Ẹ béèrè ìwé ìṣirò, kí ẹ rí ìwọ̀n ilẹ̀, ìwọ̀n ilé, ìlò, àti bí wọ́n ṣe kọ ipò ilé. Ìwé ìbéèrè owó lásán kò fi èyí hàn.

Bí ẹ bá fẹ́ ta kò ó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó wà lórí ìwé náà tó kọjá. Ọjọ́ tí ìwé dé ọwọ́ yín ni kí ẹ kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gbà á. Ẹ so ẹ̀dà ìwé sọ́fè mọ́ ọn, àti fọ́tò ilé láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ọjọ́ hàn lórí rẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọ̀kan fún yín. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, wọn yóò ní àwọn kò rí i rí. Owó tí ẹ bá san, àpò ìjọba ni kó wọ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé náà. Ẹni tó bá ní kí ẹ fún òun ní kááṣì kó dín in kù, kì í ṣe ìjọba ló ń bá yín sọ̀rọ̀.

Oníbéèrè_Ìkọ̀lé

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìwé náà ní E 342 ẹgbẹ̀rún àti N 420 ẹgbẹ̀rún, ó bá ohun tí ẹ̀gbọ́n awọnlẹ̀ sọ mu. Nǹkan méjì ló tún yọjú. Ẹnìkan tí ilẹ̀ rẹ̀ pààlà pẹ̀lú èyí sọ pé oko kòkó ni wọ́n fún ẹbí tó ta ilẹ̀ fún bàbá yẹn, pé wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹbí tó ni ilẹ̀ nígbà kan. Èkejì, àwọn ọmọ bàbá sọ pé rìsíìtì owó ilé tí bàbá wọn ti ń san tipẹ́tipẹ́ tó láti fi hàn pé tiwọn ni.

Bàbá_Olóko_Ọmùò

Ìṣákọ́lẹ̀ yẹn ni kí o dúró lé lórí, ọmọ mi. Gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ lókè kéré sí i.

Ẹni tí wọ́n fún ní ilẹ̀ láti dá oko, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, oko ló ni. Ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹbí tó fún un. Kò sí bó ṣe pẹ́ tó lórí rẹ̀ tí yóò fi di onílẹ̀, ì báà jẹ́ pé bàbá bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ gé igbó náà. Kòkó tó gbìn lè jẹ́ tirẹ̀, kó sì tà á fún ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni ìwé àtijọ́ ti ń runi lójú, torí ìwé "títà oko kòkó" pọ̀ nínú àpótí àwọn àgbà, igi ni wọ́n tà nínú púpọ̀ rẹ̀. Wo rìsíìtì tí wọ́n fún bàbá wọn. Ṣé "ilẹ̀" ni wọ́n kọ, àbí "oko"? Ṣé wọ́n dárúkọ ààlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àbí iye igi? Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fi dógò ni, tó fi jẹ́ pé owó ni wọ́n yá tí wọ́n fi ilẹ̀ dúró, ìyẹn kò ní ọjọ́ ìparí: ẹbí tó fi dógò lè dá owó padà nígbàkígbà kí wọ́n gba ilẹ̀ wọn.

Má ṣe bi ẹni tó ń tà. Lọ bá olórí ẹbí tí wọ́n ní ìṣákọ́lẹ̀ ń lọ bá, kí o bi í léèrè nìkan, láìsí ẹni tó ń tà níbẹ̀: ta ni wọ́n fún ní ilẹ̀, kí ni wọ́n gbà, ìgbà wo ni wọ́n gbà kẹ́yìn, ṣé wọ́n ti tú ìṣákọ́lẹ̀ náà sílẹ̀ rí. Bí wọ́n bá ti tú u, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àgbà ìdí-igi tiwọn náà fọwọ́ sí i. Ààfin Elékọ̀lé lè mọ ìtàn ilẹ̀ àdúgbò yẹn, àwọn olóyè tó wà ní ìtòsí náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ni ààfin nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìfọwọ́sí wọn kò rọ́pò ti ẹbí tó ni ilẹ̀.

Lọ́yà_Ajílòsùn

Bàbá ti parí rẹ̀. Mo fi kún un lórí rìsíìtì owó ilé: ọ̀nà márùn-ún ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà là sílẹ̀ ní 1976 láti fi ìní ilẹ̀ hàn, ìyẹn ìtàn ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ baba ńlá, ìwé, ìlò ilẹ̀ bí onílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, gbígbé orí rẹ̀ tipẹ́, àti níní ilẹ̀ tó so mọ́ ọn. Owó ilé kò sí lára wọn. Ó lè ran ẹni tó ní òun ti ń gbé ibẹ̀ lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń san owó ilé lè jẹ́ ayálégbé, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀. Rìsíìtì tí ẹbí kọ fún bàbá náà, ẹ̀rí pé owó kọjá ni. Ìwé títà tí wọ́n fọwọ́ sí níwájú ẹlẹ́rìí ni kí wọ́n ṣe fún yín.

Akọ̀wé_Owó_Ilé

Kí ìwé náà tó di fífọwọ́sí, ẹ gba àkọsílẹ̀ gbèsè láti ọ́fíìsì tó ń béèrè owó, ọdún dé ọdún, kì í ṣe àpapọ̀ lásán. Gbèsè kì í tẹ̀ lé òkú lọ, ẹnu ọ̀nà ilé náà ni wọn yóò ti lẹ ìwé mọ́ ògiri, ẹ̀yin lẹ ó sì wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé títà pé gbogbo gbèsè tó ṣáájú ọjọ́ báyìí wà lọ́rùn ẹni tó tà, kí ẹ yọ ọ́ nínú owó ilẹ̀, kí ẹ sì fúnra yín san án. Tí ẹ bá ti gba ilẹ̀, ẹ gbé ìwé títà lọ kí wọ́n yí orúkọ padà kúrò ní ti bàbá, ẹ sì fi lẹ́tà àtakò lórí "commercial" lé e lọ́jọ́ kan náà. Bí wọn kò bá yí orúkọ padà, àtakò yín kò ní nǹkan tí yóò dúró lé, torí wọn yóò bi yín pé ta ni yín sí ilẹ̀ náà.